Ẹ Má Dá Oògùn Làkúrègbé Dúró Nítorí Kòrónà: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Abẹ́òkúta

Ewékorò tó múlé tì wá yìí ni ẹni tó kọ́kọ́ ní kòrónà ní Nàìjíríà gbà kọjá ní oṣù kejì ọdún 2020. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin, kónílé-ó-gbélé ti mú gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló fa ìwé yìí. Àwọn tí oògùn ti jẹ́ kí ọwọ́ wọn lè di ọkọ́ mú gbé e sọ sí àjà, wọ́n ní ó ń tú àṣírí ara fún kòrónà. Kò pẹ́ tí oríkèé fi wú padà. Ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè ṣí ìdérí ike omi mọ́.

A ò ní í kọ́ yín ní ọwọ́ fífọ̀ àti ìbòmú níhìn-ín. Ẹ ti gbọ́ ọ tó.

Làkúrègbé tí à ń wí kì í ṣe ẹ̀yìn ríro tí ebè kíkọ ń fà, tó ń lọ bí a bá sùn. Èyí ni ti oríkèé ọwọ́ méjèèjì tó ń wú, tó ń gan láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn lupus, níbi tí ara ti ń gbógun ti ara rẹ̀, náà wà lára rẹ̀.

Prednisolone

Oògùn tó ń mú wíwú oríkèé lọ sílẹ̀ ni èyí. Ẹni tó bá ti lò ó ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà ń dín in kù, nítorí ara ti gbára lé e. Ẹni tó já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè máa bì, kí òòyì máa kọ́ ọ, kó sì dákú. Bí kòrónà bá sì mú un, ìgbà yẹn gan-an ni ara nílò rẹ̀ jù. Dókítà lè ní kó fi kún un. Oògùn yìí tún máa ń bo ibà mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ má dúró de ara gbígbóná kẹ́ ẹ tó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Àwọn àgbò inú ike kan wà tí wọ́n ń lọ irú oògùn yìí mọ́. Bí ìrora bá lọ lọ́jọ́ mẹ́ta, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wá ń kún, ẹ fura. Ẹ gbé ike náà dání lọ fi han dókítà, kẹ́ ẹ má kàn dá a dúró.

Methotrexate

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún làkúrègbé. Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹyọ tó wọ́pọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 2.5; ẹni tí dókítà kọ mílígíráàmù 10 fún yóò lo ẹyọ 4 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́, ẹnu rẹ̀ á bó, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ lára rẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ má fi ọjọ́ ọjà kà á o, torí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ẹ fi í sí ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Àìkú tí ẹnikẹ́ni kì í gbàgbé. Ọjọ́ mìíràn ni ti folic acid, fítámìn tí dókítà ń kọ mọ́ ọn. Aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni ẹmu àti ògógóró kò bá a rìn.

Òun nìkan ni ìwé yìí gbà kẹ́ ẹ dá dúró fúngbà díẹ̀: bí ibà tàbí kòrónà bá mú yín, ẹ fo ti ọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ sì pe dókítà.

Hydroxychloroquine

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ariwo ta láti Amẹ́ríkà pé òun àti chloroquine ń wo kòrónà. Àwọn kan lo chloroquine lálòjù ní Èkó títí wọ́n fi dé ọsìbítù. Nígbà tó di oṣù keje, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ìdánwò wọn lórí hydroxychloroquine dúró, torí kò dín ikú kù. Ẹni tó ti kó páálí sílé fún àrùn tí kò ní, oògùn onílupus ló kó. Ìwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 5 lọ lójúmọ́ fún kílò kan ìwúwo ara. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ojú yín wò.

Oògùn ìrora bíi diclofenac, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má pa oríṣi méjì pọ̀.

Kó má baà tán

Nígbà tí oògùn bá ku ti ọjọ́ 14, ẹ lọ ra òmíràn. Kì í ṣe ọjọ́ tó ku ẹyọ kan, tí ọlọ́kadà kò sì ṣiṣẹ́. Ẹ má gbé e sẹ́yìn fèrèsé tí oòrùn ń pa.

Àjẹsára AstraZeneca tó wọ Nàìjíríà ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021 kì í ṣe èyí tí kòkòrò ààyè wà nínú rẹ̀. Onílàkúrègbé lè gba irú rẹ̀. Ti ibà pọ́njú yàtọ̀: kòkòrò ààyè ni. Ẹ sọ oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún nọ́ọ̀sì kó tó fún yín.

Ní ti oko: ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ra oríkèé láàárọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó rọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ìdajì ni kẹ́ ẹ máa pọn.

Bí ikọ́ tuntun bá dé, tí mímí ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má dúró rárá. Ẹ pe NCDC, àjọ tó ń kojú àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, tàbí kẹ́ ẹ gbọ̀nà FMC (ọsìbítù ìjọba àpapọ̀) ní Ìdí-Abà tàbí ọsìbítù ìjọba ní Ìjàyè. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé prednisolone wà lára yín.