Mo Fọ̀ Wọ́n, Wọ́n Fọ́

Tiúbù centrifuge (ẹ̀rọ láàbù tó ń yí kíkankíkan láti ya ohun inú omi sọ́tọ̀) mẹ́rin nínú mẹ́jọ ni mo kó dànù lóṣù tó kọjá. Wọn ò gbó, wọn ò jábọ́. Fífọ̀ ni mo fọ̀ wọ́n tí wọ́n fi fọ́. Polycarbonate ni wọ́n, ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ìyẹn náà ló tàn mí. Níbi tí mo ti rà wọ́n, wọn kì í já páàkì tà lẹ́yọ. Nítorí tiúbù mẹ́rin, odidi páàkì ni mo tún sanwó fún.

Ìbẹ̀rẹ̀ fífọ̀ tiúbù ò le. Omi tútù ni kó kọ́kọ́ kàn án, torí omi gbígbóná á mú kí purotéènì tó ṣẹ́kù dì mọ́ ọn bí funfun ẹyin ṣe ń dì. Ẹ po 10 ml ọṣẹ olómi ti láàbù, èyí tí kì í ṣe áàsìdì tí kì í sì í ṣe álíkálì, mọ́ omi lítà 1, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú rẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí a fi ń fọ aṣọ ò dáa: álíkálì inú rẹ̀ máa ń jẹ polycarbonate, ó sì máa ń jẹ rótọ̀ alumíníọ̀mù, apá ẹ̀rọ tó ń yí, tí a ń ki tiúbù bọ ihò rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí wáyà rẹ̀ ti yọ sórí, ẹ sọ ọ́ nù. Ojú ibi tó bá ha ni ike á ti kọ́kọ́ là. Omi bohòlù tiwa ní Ìlọrin níbí máa ń fi funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ, nítorí náà omi distilled, èyí tí wọ́n ti yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀, ni mo fi ń ṣàn án kẹ́yìn, lẹ́ẹ̀mẹta.

Gbígbẹ ló dá wàhálà sílẹ̀. Òjò ń rọ̀, iná ti lọ láti àárọ̀, ààrò oníná tutù bí òkúta, ẹ̀kán omi sì ń wò mí láti ìsàlẹ̀ tiúbù kọ̀ọ̀kan. Mo bu acetone, kẹ́míkà olómi tó ń tètè gbẹ, sí mẹ́rin nínú wọn, mo mì í, mo dà á nù, bí a ṣe ń ṣe fún gíláàsì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n gbẹ, wọ́n ń dán. Mo yangàn. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí ìlà tín-tìn-tín bí òwú aláǹtakùn; mo ní ojú búrọ́ọ̀ṣì ni.

Ojú búrọ́ọ̀ṣì kọ́ o. Acetone máa ń wọ inú polycarbonate, á mú un rọ̀, agbára tó ti há sínú ike náà láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rọ ọ́ á wá máa fà á ya díẹ̀díẹ̀. Chloroform àti phenol, àwọn kẹ́míkà láàbù mìíràn, náà ò ní rò ó re. Tí tiúbù bá dúró lórí àgbékà, ẹ ò ní mọ̀. Ní 10,000 g (ìlọ́po 10,000 agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan) ńkọ́? Omi gíráàmù 1 á máa ti ike yẹn bí ẹrù kílò 10. Ó là gbàù, rótọ̀ pàdánù ìdọ́gba, ẹ̀rọ dá ara rẹ̀ dúró, bọ́fà oníyọ̀ inú tiúbù (omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n áàsìdì yí padà) ṣàn kún ihò rótọ̀.

Wákàtí méjì gbáko ni mo fi tún rótọ̀ yẹn ṣe, pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi ṣa èérún ike, ẹ má fi ọwọ́ lásán. Ẹ má sì jẹ́ kó di ọjọ́ kejì: iyọ̀ ń jẹ alumíníọ̀mù, ibi tí awọ tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ bá ti ha ló ti máa ń wọlé. Bílíìṣì ńkọ́? Ẹ má dán an wò, òun náà ń jẹ ẹ́. Ọṣẹ àkọ́kọ́ yẹn náà ni, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, omi distilled, kí ẹ wá dojú rótọ̀ délẹ̀ láìdé e títí yóò fi gbẹ.

Ní báyìí, tiúbù polypropylene, irú ike mìíràn, ni mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tó bá máa kan acetone. Kò mọ́ gaara, ẹ ó tẹjú mọ́ ọn kí ẹ tó rí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n acetone ò rí tirẹ̀ ṣe. Àwọn polycarbonate, mo ń dojú wọn délẹ̀ lábẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lásìkò ọyẹ́, òru kan ti tó, eruku nìkan ni kí ẹ ṣọ́. Kí wọ́n tó wọ rótọ̀, mo ń gbé pépà dúdú sẹ́yìn wọn lójú fèrèsé. Èyí tó bá ní ìlà, dànù.

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé wọn ò tilẹ̀ nílò láti gbẹ lọ́jọ́ náà. Bọ́fà kan náà ni mo fẹ́ dà sí wọn. Kí n bu 2 ml rẹ̀ sí tiúbù kọ̀ọ̀kan, kí n fi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kí n dà á nù, ó parí.