Bí a ṣe ń fi fọ́ǹtì serif ológe kọ àkọlé Yorùbá láìjẹ́ kí àmì ohùn yẹ̀

Ẹ wo O ńlá nínú fọ́ǹtì Playfair Display dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sanra, ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Ibẹ̀ gan-an ni oge rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Claus Eggers Sørensen ló ṣe fọ́ǹtì náà, ó jáde lọ́dún 2011, àwọn lẹ́tà John Baskerville ará England ló sì fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀fẹ́ ni lórí Google Fonts. Serif ni ẹsẹ̀ kéékèèké tó ń yọ létí lẹ́tà. Àkọlé ni wọ́n ṣe irú fọ́ǹtì yìí fún: èèpo ìwé, káàdì ìgbéyàwó, pátákó. Ẹ má fi kọ ọ̀rọ̀ gígùn.

1. Ẹ dán an wò kí ẹ tó yàn án

Ẹ fi 60 pt (póìntì, ìwọ̀n lẹ́tà) kọ Ẹ̀ṣọ́, Ọ̀ṣun, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ǹjẹ́ àti ÌGBÉYÀWÓ, kí ẹ sì sún un mọ́jú.

Ṣé ṣ bá s mu? Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ló ní ẹ àti ọ nítorí pé èdè Vietnam ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n èdè yẹn kò ní ṣ. Bí fọ́ǹtì yín kò bá ní in, kọ̀ǹpútà á lọ yá ti fọ́ǹtì mìíràn, ṣ náà á sì dà bí ẹni tí kò wọ aṣọ ẹbí láàárín àwọn ẹlẹ́bí.

Ṣé àmì ohùn jókòó sí àárín orí ẹ àti ọ? Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, kò ní ẹ́ ní ẹyọ kan. Lẹ́tà kékeré ẹ (U+1EB9) là ń kọ́kọ́ kọ, kí a tó gbé àmì òkè (U+0301) lé e. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ ibi tí àmì á dúró sí. Bí kò bá sọ ọ́, àmì á yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí kó gún Ọ lórí.

Bí ó bá kùnà níbikíbi, ẹ wá òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ìlà sábẹ́ s láti fi dípò àmì ìsàlẹ̀. Ìlà ọ̀hún á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lẹ́tà.

2. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe fúnra yín

Ìwé àṣẹ SIL Open Font License, tí wọ́n fi tú Playfair Display sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, gbà yín láyè, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi orúkọ fọ́ǹtì náà pamọ́ fún ẹni tó ni ín, ẹ fún tiyín ní orúkọ mìíràn. Ẹ ṣí i nínú FontForge, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fọ́ǹtì, kí ẹ ya Ṣ sí U+1E62 àti ṣ sí U+1E63. Ẹ fi ojú ìdè (anchor), ibi tí àmì á ti so mọ́ lẹ́tà, sókè àti sísàlẹ̀ lẹ́tà tó ń gba àmì, kí ẹ fi irú rẹ̀ sára àmì náà. Kí àmì ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó ìlà sísanra lẹ́tà kékeré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní hàn. Kí orí àmì ohùn náà nípọn ju ìlà tín-ín-rín lọ. Fún lẹ́tà ńlá, ẹ tẹ àmì ohùn kúrú díẹ̀ kó má baà ga jù.

3. Ìwọ̀n

Ká ní ìlà tín-ín-rín jẹ́ ìdá 20 nínú 1000 ìwọ̀n fọ́ǹtì. Ní 48 pt, ìlà yẹn á jẹ́ 0.96 pt, ó dára. Ní 12 pt, 0.24 pt péré ni, á sì já. Ẹ má lọ sísàlẹ̀ ju 24 pt.

4. Àlàfo

Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì lè jókòó pẹ́kípẹ́kí, 48 lórí 50, ìyẹn lẹ́tà 48 pt tí ìlà kan sí èkejì jẹ́ 50 pt. Tiwa ò gbà bẹ́ẹ̀: àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní á kọlu àmì ohùn ìlà kejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 48 lórí 64. Nínú Word, níbi Line Spacing, ẹ má yan "Exactly", ó máa ń gé orí àmì.

Ẹ padà sí ÌGBÉYÀWÓ. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì lè ti fa A àti W mọ́ra, kó sì gbàgbé À. Nígbà náà, ihò á yọ láàárín Y àti À, òmíràn á yọ láàárín À àti W, ọ̀rọ̀ kan á wá dà bí mẹ́ta. Ẹ fa àwọn ibẹ̀ mọ́ra lọ́wọ́, láti -40 dé -80 (ìdá nínú 1000 ìwọ̀n fọ́ǹtì), kí ẹ tó fẹ àlàfo gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí +50. Bí ẹ bá fi ti ẹ̀yìn ṣáájú, ẹ ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

5. Ìtẹ̀wé

Lẹ́tà funfun lórí dúdú ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, torí íǹkì máa ń wọ inú ìlà tín-ín-rín. Kí ìlà náà má kéré sí 0.5 pt níbẹ̀. Àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi íǹkì mẹ́ta pò náà léwu: bí àwo ìtẹ̀wé kan bá yẹ̀ díẹ̀, etí lẹ́tà á ṣe bàìbàì. Ẹ ní kí wọ́n fi íǹkì kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ẹ di fọ́ǹtì mọ́ inú PDF, kí ẹ sún un dé 400%, kí ẹ ka àmì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé ìtẹ̀wé.