Bí mo ṣe lé atẹ́gùn jáde nínú kámpà wa lẹ́yìn tí gáréèjì gba £1,180 lọ́wọ́ mi

£1,180. Iye tí gáréèjì kan gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Rédíétọ̀ tuntun, wọ́tà pọ́ǹpù tuntun, tẹmosítáàtì tuntun (ohun tó ń ṣí omi sílẹ̀ fún rédíétọ̀ tí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná), mo sanwó, mo gba kọ́kọ́rọ́, a di ẹrù a dorí kọ Devon, àfi bí a ṣe ń gun òkè Haldon lórí A38 lẹ́yìn Exeter tí abẹ́rẹ́ gáàjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó sá lọ sókè pátápátá, tí iná pupa kékeré inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Inú bí mi débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa míì ní UK níbí ti ń ra irú ọkọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnì kankan jẹ irú ìyà yẹn.

Volkswagen T25 ni, ti ọdún 1986, ẹ́ńjìnì 1.9 tó ń lo pẹtiróò, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, síǹkì wà, sítóòfù gáàsì wà, òrùlé ẹ̀ sì ṣeé gbé sókè. Ẹni tó bá ti wọ danfo l'Ékòó rí ti mọ̀ ọ́n, ara kan náà ni, yẹ́lò àti ìlà dúdú nìkan ni tiwa ò ní. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù lórí ọ́ìlì, pùlọ́ọ̀gì àti bíréèkì, ẹni tó bá ní sípánà lè ṣe ìyẹn. Ti ìpẹtà náà, ẹ sáà máa wo ojú ibi tí wọ́n ti so irin ara ọkọ̀ pọ̀, torí tó bá ti jẹ dé ìdí bẹ́líìtì tàbí ibi tí sọ́sípẹ́ńṣọ̀n dè mọ́, kò ní yege MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe níbí. Mo ti rí wẹ́dà gidi tó ń bá mi jó tèmi, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Wàhálà wà nínú omi. Láti 1982 ni Volkswagen ti ń fi ẹ́ńjìnì olómi sínú ọkọ̀ yìí dípò èyí tí atẹ́gùn ń tù, ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹ́ńjìnì sílẹ̀ lẹ́yìn níbi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé rédíétọ̀ lọ síwájú pátápátá. Páìpù gígùn méjì ló ń gbé omi lọ gbé e bọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Omi tó ń gbà lé ní lítà 16. Tí wọ́n bá tú u tí wọ́n kàn rọ omi kún un lẹ́yìn, atẹ́gùn á lọ jókòó sókè rédíétọ̀, omi ò ní lè yípo, ọkọ̀ á máa gbóná kódà bó o bá fi pọ́ǹpù wúrà sí i.

Mo tú gíríìlì òkè, mo wo síkúrù tí wọ́n fi ń tú atẹ́gùn jáde lára rédíétọ̀ tuntun yẹn. Ọ̀dà tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ṣì wà lórí ẹ̀ digbí, sípánà ò kàn án rí! Mo pè wọ́n. Ọkùnrin tó gbé fóònù ní àwọn ti rọ omi kún un, pé bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnì ló ti jó, kí n gbé e wá kí àwọn tú ẹ́ńjìnì, owó tó sì dá lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní ẹ ṣé. Mo ra ohun tí wọ́n fi ń yẹ gásíkẹ́ẹ̀tì wò, omi búlúù kan ni, ẹ máa gbé e lé ẹnu tẹ́ńkì omi, tí èéfín ẹ́ńjìnì bá ń wọ inú omi á di yẹ́lò. Tèmi ò yí padà rárá, búlúù ló wà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti wa danfo ní Oshodi fún ọ̀pọ̀ ọdún ní kí n yọ tẹmosítáàtì dànù kí n máa fi omi lásán wa ọkọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n mọ ọkọ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ní òtútù ibí omi lásán á dì yìnyín á fọ́ nǹkan, ó sì máa ń jẹ orí ẹ́ńjìnì yìí torí alúmíníọ̀mù ni. Kúláǹtì, ìyẹn omi ẹ́ńjìnì tí kì í tètè dì, èyí tí kò ní phosphate ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má wo ti pé òmíràn pọ́ọ́kú.

Mo wá fi jáàkì gbé iwájú sókè, mo ti ẹsẹ̀ irin bọ abẹ́ ẹ̀, mo fi igi há táyà ẹ̀yìn, iwájú ga tó bíi 40 cm, kí síkúrù yẹn lè jẹ́ ibi tó ga jù, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn máa sá lọ. Mo ṣí híítà pátápátá. Ẹnì kan ò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe o, ẹ̀yìn lẹ ti ń rọ omi, iwájú lẹ ti ń tú atẹ́gùn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa tẹná. Ìyá Tòmí wà lẹ́yìn pẹ̀lú kúláǹtì, Tòmí wà nídìí sítíárìn, èmi kúnlẹ̀ níwájú. RPM 2,000, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ni kó máa sá, ṣùgbọ́n aago ló wà níbi tí gáàjì RPM ì bá wà nínú tiwa, etí la fi ń gbọ́ ọ.

"Daddy, ṣé kí n fi kún un?"

"Rárá, dì í mú bẹ́ẹ̀!"

Omi ń hó kúlúkúlú jáde, nígbà tó yá ó wá mọ́ gaara, mo dé síkúrù, mo wà á jáde, kò pẹ́ abẹ́rẹ́ tún ń gòkè. A tún un ṣe, ó tún gòkè. Ilẹ̀ ṣú, òjò bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ mi ti bó, Ìyá Tòmí ní kí n jẹ́ ká wọlé, mi ò gbọ́, torí mo mọ̀ pé atẹ́gùn ṣì wà níbì kan nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò sì ní sun oorun kankan láì mọ ibẹ̀.

Híítà kejì ló wà. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ló ń gbé, ó ní táàpù tiẹ̀. Mo fọwọ́ kan páìpù ẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan gbóná, èkejì tutù bí ọwọ́ òkú. Táàpù ti dì pa, bóyá ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti ṣí i kẹ́yìn. Mo fín WD-40 sí i, mo dúró, mo fi píláyà rọra máa yí i díẹ̀díẹ̀ kó má baà kán, nígbà tó ṣí ó pariwo gùdùgùdù, Ìyá Tòmí ké láti ẹ̀yìn, "Ó ti mu ún o! Omi ti lọ sílẹ̀!" Ó rọ ju lítà kan lọ kó tó kún. A tún síkúrù iwájú tú. Abẹ́rẹ́ wá gòkè, ó dúró lórí iná kékeré yẹn gan-an níbi tó yẹ kó dúró, fáànù iwájú fẹ́, ó kú fúnra ẹ̀. Mo pariwo ju Tòmí lọ.

A ti padà gun òkè Haldon tòun tẹrù, abẹ́rẹ́ ò mira. Èmi ni mo ṣe é.

Mo fi fọ́tò síkúrù yẹn ránṣẹ́ sí gáréèjì, mo ní òfin Consumer Rights Act 2015 sọ pé ẹni tó bá gbowó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ ṣe é bó ṣe yẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó tún un ṣe tàbí kó dín owó kù. Wọ́n dá £240 padà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Kò tó, ṣùgbọ́n mo gbà á. Ẹ̀yin, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, ẹ bi í léèrè bó ṣe máa ń tú atẹ́gùn inú T25, tí kò bá ti dárúkọ pé òun máa gbé iwájú sókè, ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ. Ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, kí wọ́n tó ṣe é àti lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é.

Páìpù abẹ́ ọkọ̀ ló kàn, mo fẹ́ fi irin tí kì í dípẹtà pààrọ̀ wọn kí sọ́mà tó dé. Rọ́bà gáàsì sítóòfù náà, wọ́n tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é sára ẹ̀, ẹ lọ wo tiyín lónìí, torí tiwa ti gbó débi pé ó ń sán tí mo bá tẹ̀ ẹ́.