Bí Mo Ṣe Kó Orúkọ Okùn Jọ fún Kíláàsì Mi

Wọ́n ní kí olùkọ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ṣe àtòjọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri kíláàsì rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú ẹranko, wọ́n mú èso. Èmi mú okùn, torí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í pe ohunkóhun tó bá ṣeé fi di nǹkan lórúkọ mìíràn ju okùn lọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ onílù àti ọmọ aládìrẹ wà láàárín wọn.

Àwọn tó wà lórí ahọ́n mi ni mo kọ́kọ́ kọ: okùn ẹran, okùn kànga, okùn ìsáṣọ, okùn bàtà, okùn ṣòkòtò. Kò dùn mọ́ mi. Iṣẹ́ la kàn so mọ́ ìdí okùn, ọmọdé kankan lè dá irú rẹ̀ ṣe. Àwọn tí mò ń wá ni àwọn tí oníṣẹ́ ti sọ lórúkọ, tí ẹnikẹ́ni kò tún ní pè ní okùn níwájú wọn.

Mo tètè rí i pé kò yẹ kéèyàn béèrè orúkọ. Bí o bá na nǹkan sí oníṣẹ́ pé, "Kí lẹ̀ ń pe èyí?", á ní, "Okùn ni," torí ó rò pé o ò mọ nǹkan kan. Ọ̀nà tó gbè mí ni kí n béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tó bá já. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń tú jáde.

Lọ́dọ̀ àǹtí mi tó ń ṣe adìrẹ ní Abẹ́òkúta, ìko ni. Láti ara ewé ọ̀gọ̀rọ̀ tó ṣì tutù ni wọ́n ti ń bó o. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀, wọ́n á wá fi di aṣọ ṣinṣin, nígbà mìíràn pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ìko bá dì ni aró kò ní mu. Ibẹ̀ ni orúkọ adìrẹ oníko ti wá. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ rán tiwọn, adìrẹ alábẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àǹtí mi ní ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ti ń fa ọ̀rá àpò ya báyìí láti fi dì í. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbọ́ òórùn burúkú.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń ṣe ìlù ní Ọ̀yọ́ ni mo ti pẹ́ jù. Awọ ewúrẹ́ wà nínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní, "Bàbá, tí okùn ara dùndún yìí bá já ńkọ́?" Wọ́n gbójú sókè.

"Ọsán ni o, Tísà. Okùn kì í fọhùn."

Òótọ́ ni. Ọsán ló so awọ méjèèjì pọ̀ láti ojú kan dé èkejì. Bí onílù bá fi apá fún un mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Bàbá ní kí n má gbàgbé ọsán ti ọrun tí wọ́n fi ń ta ọfà, wọ́n sì pa òwe rẹ̀ fún mi: "Ọsán já, ọrún dọ̀pá." Mo kọ òwe náà sísàlẹ̀ àtòjọ.

Igbà ni ti ẹlẹ́mu. Ó nípọn, ó sì le. Ó máa ń yí ìdí ọ̀pẹ àti ìbàdí ẹni tó ń gùn ún ká, òun á fẹ̀yìn tì í, á fi ẹsẹ̀ tẹ ara ọ̀pẹ, á sì máa ju igbà sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹlẹ́mu tí mo bá sọ̀rọ̀ fi gbogbo ara fa tirẹ̀ wò kó tó gùn.

Awuyewuye díẹ̀ wáyé nílé ẹ̀kọ́. Ẹnì kan ní aṣọ ni ọ̀já, kì í ṣe okùn. Mo fi sí i: ohun tó gbé ọmọ dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ okùn. Wọ́n tún ní kí n yọ láìnì, èyí tí àwọn bíríkìlà ń ta kí búlọ́ọ̀kù má baà wọ́. N kò yọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n ni mo yọ, torí irin ni.

Mi ò tò wọ́n ní a, b, d. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni mo fi pín wọn. Lábẹ́ so: okùn ẹran, pẹ̀lú èèkàn rẹ̀. Lábẹ́ dì: ìko àti ìtàkùn tí wọ́n fi ń di igi ìdáná. Lábẹ́ ta: láìnì àti okùn ìsáṣọ. Lábẹ́ fà: okùn kànga, ìjánu ẹṣin, ọsán. Ọ̀já àti ìgbànú wà papọ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọn tí mo rí mọ́ ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ kàn wọ́n.

Igbà kò gba gọ́ọ̀mù. Ẹlẹ́mu náà fún mi ní ògbólógbòó kan, mo fi ìṣó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtòjọ, mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé e lọ sídìí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn kíláàsì.