Búgì yín ń yọ èéfín dúdú lórí iyanrìn? Bí a ṣe ń wá ibi tí epo ti ń pọ̀ jù ní kábúrétọ̀

Ẹ má tíì tú jẹ́ẹ̀tì o. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn kẹ́ ẹ tó mú sukudiráfà, torí ọ̀pọ̀ èèyàn, tí búgì wọn, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń sáré lórí iyanrìn, bá ti ń yọ èéfín dúdú, tó ń rùn epo, tó ń kọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá tẹ tọ́rọ́tù, jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa sáré lọ rà, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, wàhálà ò ní lọ, wọ́n á tún ra òmíì, nígbà tó jẹ́ pé jẹ́ẹ̀tì tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí ò ṣẹ ẹnì kankan. Ihò kékeré lára idẹ tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì, ihò ò sì lè dédé fẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí búgì bá ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ tó kọjá tó wá ń da epo sára lónìí, nǹkan míì ló yí padà, nǹkan yẹn la fẹ́ wá.

Ẹ́ńjìnnì Beetle 1600 ni mo ń sọ níbí, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tù, tó lo kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì Beetle ló wà lẹ́yìn àìmọye búgì ní California àti Arizona láti ìgbà tí Bruce Meyers ti ṣe búgì Meyers Manx àkọ́kọ́ ní 1964. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí Nàìjíríà náà mọ̀ ọ́n, ẹ́ńjìnnì ìjàpá ni, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò pọ̀ l'Ékòó ní 1975, ohùn kan náà tí ìjàpá máa ń dún ládùúgbò lẹ máa gbọ́ lórí àwọn òkìtì iyanrìn Glamis ní California. Ẹni tó bá mọ ìjàpá tún ṣe dáadáa lè tún búgì yìí ṣe.

Kí ni rich, ìyẹn kí epo pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́, gan-an? Kílò epo kan nílò bíi kílò afẹ́fẹ́ 14.7 kó tó lè jó tán. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ líle, bíi kó máa gun òkìtì, ó fẹ́ kí epo pọ̀ díẹ̀ sí i, nǹkan bíi 12.5 sí 13 afẹ́fẹ́ fún epo kan. Tó bá wá lọ sísàlẹ̀ ju ìyẹn lọ, bíi 10, epo ti pọ̀ jù, kò rí afẹ́fẹ́ tó máa fi jó tán, ìyókù lẹ̀ ń rí bí èéfín dúdú yẹn. Owó epo nìkan kọ́ ló sì ń bá a lọ o. Epo tí ò jó máa ń fọ ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, á wá ṣàn lọ sísàlẹ̀ bá ọ́ìlì, lítà méjì ààbọ̀ péré sì ni gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kò pẹ́ tó máa ṣàn bí omi. Torí náà kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì yọ, ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Tó bá ń rùn epo, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, ẹ ra tuntun, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì yẹn kó máa pariwo lórí ọ́ìlì tó ti di omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí, kẹ́ ẹ gbé fáyà ẹstíngúíṣà sí tòsí, kẹ́ ẹ sì tú bátìrì kúrò nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa rọ́bà epo yọ. Iná epo ò ṣeé bá ṣeré.

Ẹ ka púlọ́ọ̀gì

Púlọ́ọ̀gì ló máa sọ òótọ́ fún yín. Ẹ wa búgì kó gbóná dáadáa, ẹ gbé e sí jíà 3, ẹ tẹ tọ́rọ́tù fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pa iná ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kó fà dúró fúnra ẹ̀ láì padà sí sìlóò, ìyẹn kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ láì tẹ tọ́rọ́tù. Ẹ jẹ́ kó tutù, torí alumíníọ̀mù ni héèdì, tẹ́ ẹ bá fipá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná ó lè fa ojú ìdè tó wà nínú ihò jáde. Ẹ wá tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, 1 àti 2 wà lápá ọ̀tún, 3 àti 4 lápá òsì.

Àwọ̀ èlùbọ́ lẹ̀ ń wá, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ó dáa. Tó bá dúdú tó gbẹ, tó ń ya lẹ́búlẹ́bú bí ìdí ìkòkò orí igi, epo ló pọ̀. Tó bá dúdú àmọ́ tó ń dán, tó tutù tó ń yọ̀, ọ́ìlì nìyẹn, kábúrétọ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀, èéfín ẹ̀ náà á máa dà bí àwọ̀ búlúù, ríìnì píísítìnnì tàbí fáàfù lẹ máa wò.

Ibi tó wá dùn nínú ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀gì rèé: tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúdú bákan náà, ẹ kọjú sí kábúrétọ̀. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló dúdú, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ò lè yan sílíńdà kan jẹ, iná ò dé ibẹ̀ dáadáa ni, ẹ wo wáyà púlọ́ọ̀gì yẹn àti orí dísíríbútọ̀. Ẹ̀yin tí búgì yín ní kábúrétọ̀ méjì, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí méjì apá kan bá dúdú tí apá kejì sì mọ́, ẹ ti mọ èyí tẹ́ ẹ máa tú.

Kẹ́ ẹ sì tó kúrò nídìí iná, ẹ wo kọ́ńtákítì inú dísíríbútọ̀, 0.4 mm ló yẹ kó ṣí, púlọ́ọ̀gì 0.6 sí 0.7 mm. Iná tí ò lágbára máa ń fi epo sílẹ̀ láìjó, àmì ẹ̀ sì jọ ti rich pátápátá.

Fítà afẹ́fẹ́ àti ṣóòkì

Iyanrìn Glamis kúnná gan-an, ó ń wọ ibi gbogbo, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn ọkọ̀ ẹlòmíì tó fítà láti dí. Ẹ tú u, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ padà fi ọ́ìlì fítà pa á, àmọ́ kó má kán tótó, torí ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà ń dí afẹ́fẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá fítà ló ń fà á, ẹ lè tan ẹ́ńjìnnì láì sí fítà fún ìṣẹ́jú kan nílé, lórí sìmẹ́ǹtì. Lórí iyanrìn, rárá o, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Iyanrìn tó bá wọlé á jẹ sílíńdà bíi sáńpépà.

Ṣóòkì ló kàn, mo sì gbà pé òun ló yẹ kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ wò torí pé ọ̀fẹ́ ni. Ṣóòkì 34 PICT-3 ń lo iná bátìrì: tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìdérí orí kábúrétọ̀ á pa dé kí epo lè pọ̀, tí iná bá ti wọ inú ilé roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, á gbóná, ìdérí á máa ṣí díẹ̀díẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó yẹ kó nàró ṣánṣán. Búgì sì ń fò, ó ń gbọ̀n, wáyà kékeré tó wá láti ara kọ́ọ̀lù yẹn máa ń yọ. Tó bá ti yọ, ṣóòkì ò ní ṣí láéláé, ẹ máa wa ọkọ̀ lórí ṣóòkì látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ yọ fítà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ wò ó. Tí kò bá ṣí, ẹ wo wáyà, tí iná bá dé tí kò ṣì ṣí, ẹ tú sukúrù mẹ́ta tó di ilé ṣóòkì mú díẹ̀, kẹ́ ẹ yí i títí ìdérí á fi nàró lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, tí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó wà ní sìlóò, ṣóòkì ti ṣí, ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ọ̀fun kábúrétọ̀ láti òkè. Tó bá wà ní sìlóò, kò yẹ kí epo kankan máa kán láti ara páìpù tó wà láàárín yẹn. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń kán tó, tó, tó, epo inú ilé flóòtì, ìyẹn ibi tí epo ń dúró sí nínú kábúrétọ̀, ti ga jù, ó ń ṣàn kọjá. Nǹkan mẹ́ta ló sì máa ń fà á: pọ́ǹpù ń ti epo jù, nídù tó ń dí ọ̀nà epo ò dé, tàbí flóòtì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo tó ń ti nídù dé, ti mu epo.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pọ́ǹpù. Ẹ fi géèjì tó ń wọn bí epo ṣe ń tì tó (ní psi) sáàárín pọ́ǹpù àti kábúrétọ̀ pẹ̀lú ìkóríta páìpù, psi 3 sí 3.5 ló tó fún Solex yìí. Tó bá ti ń kọjá 4, epo á máa ti nídù ṣí tipátipá. Pọ́ǹpù tuntun ayé ìsinsìnyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ti jù. Búgì ọ̀rẹ́ mi kan nìyẹn, ó ti pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti ra kábúrétọ̀ tuntun pàápàá, epo ṣì ń kán, ìgbà tá a fi géèjì sí i la rí i pé psi 6 ló ń tì, gásíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ẹni tó so pọ́ǹpù náà fi sábẹ́ ẹ̀. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì méjì kún un kí ọ̀pá má bàa tì í jìnnà mọ́, ó wá sí 3, òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀pá yẹn náà, ẹ wọ̀n ọ́n: 108 mm ni ti ẹ́ńjìnnì oní-dínámò, 100 mm ni ti pọ́ǹpù oní-ọ́tánétọ̀, ẹ má fi ọ̀kan sí ibi ìkejì. Àwọn tó ń lo pọ́ǹpù oníná, ẹ ra règúlétọ̀ mọ́ ọn.

Tí pọ́ǹpù bá dáa, ẹ ṣí orí kábúrétọ̀, sukúrù márùn-ún ni. Ẹ dorí ẹ̀ kodò kí nídù lè dé fúnra ẹ̀, ẹ fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí páìpù tí epo ń gbà wọlé. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjá, ìdọ̀tí há síbẹ̀ tàbí ó ti jẹ. Ìdọ̀tí yẹn kì í ṣe iyanrìn nìkan o, rọ́bà epo àtijọ́ tí ẹ́tánọ́ọ̀lù inú epo Amẹ́ríkà ti jẹ máa ń já wẹ́wẹ́ láti inú, ibẹ̀ ló ń lọ há sí. Ẹ pààrọ̀ nídù pẹ̀lú rọ́bà lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ fi fítà epo sáàárín táǹkì àti pọ́ǹpù, kì í ṣe lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Flóòtì ní tiẹ̀, ẹ mì ín létí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń ṣàn nínú ẹ̀, ó ti lu, òmíì ló kù. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa tí epo ṣì ga díẹ̀ jù, wọ́ṣà tó nípọn díẹ̀ sí i lábẹ́ nídù á mú un wálẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkìtì nìkan ló ti ń da epo, tó sì dáa nílẹ̀ títẹ́jú, epo ló ń ṣàn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú ilé flóòtì. Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé kò sí kábúrétọ̀ oníflóòtì tó fẹ́ràn kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ dúró.

Sìlóò

Sukúrù méjì ló wà lápá òsì kábúrétọ̀, èyí tó tóbi ń gba afẹ́fẹ́ fún sìlóò, èyí tó kéré ń gba epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀. Ẹ rọra yí kékeré wọlé títí á fi kanlẹ̀, ẹ má fún un mọ́lẹ̀, ẹ yí i jáde ní ìyípo méjì ààbọ̀. Ẹ fi ńlá mú sìlóò sí ìyípo ẹ́ńjìnnì 850 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá yí kékeré títí ẹ́ńjìnnì á fi yára jù, kẹ́ ẹ padà yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí á fi lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 25, kẹ́ ẹ padà fi ńlá mú un wá sí 850. Ẹ má fi sukúrù tọ́rọ́tù ṣe sìlóò. Ohun kan tún wà níbẹ̀: tẹ́ ẹ bá yí kékeré wọlé pátápátá tí ẹ́ńjìnnì ò kú, epo ń gba ibòmíì wọlé, bọ́yá tọ́rọ́tù ṣí jù, bọ́yá epo ṣì ń kán, ẹ padà sídìí tọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí jẹ́ẹ̀tì fi kàn

Báyìí la tó lè sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀tì, òkè ló sì máa ń fà á. Tẹ́ ẹ bá tún búgì ṣe ní Pismo, tó wà létí òkun, tẹ́ ẹ wá fi tírélà gbé e lọ sí Little Sahara ní Utah, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 5,000 ni ibẹ̀ fi ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó fi bí ìdá kan nínú méje dín, jẹ́ẹ̀tì yín ò sì mọ̀, iye epo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń fi ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó dáa létíkun á wá ń yọ èéfín níbẹ̀ láì sí nǹkan tó bàjẹ́. Tó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì 127.5 lẹ̀ ń lò, 122.5 máa sún mọ́ ọn, kẹ́ ẹ fi púlọ́ọ̀gì yẹ̀ ẹ́ wò bá a ṣe sọ lókè, ìwọ̀n kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀ sára tépù kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ sitíárì, torí tẹ́ ẹ bá gbé e sọ̀kalẹ̀ padà sétíkun láì fi 127.5 sí i, epo á kéré jù, ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù sì máa ń gbóná kíá tí epo bá kéré, píísítìnnì ló máa jó.