Bí a ṣe ń wọn ìtóbi ẹ́ńjìnnì, tí a sì ń ṣírò agbára rẹ̀

Ìyá mi ń lọ ata àti èlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ àtijọ́ kú, ó ra tuntun tí wọ́n lẹ 6.5 HP (họ́ọ̀sìpáwà, ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) mọ́ lára. Tí ó bá jẹ́ ata, á lọ ọ́ geere. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti da èlùbọ́ sẹ́nu ọlọ, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, á máa gbọ̀n, á sì kú. Ẹni tó tà á ní epo ni kò dáa. Èmi tú u wò.

Ohun méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Ìtóbi, tí a ń pè ní cc, ni àyè tí písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, ń gbá bó ṣe ń lọ láti òkè sílíńdà, ihò tó ń rìn nínú rẹ̀, dé ìsàlẹ̀. Agbára ni iṣẹ́ tí ẹ́ńjìnnì lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n tan mọ́ra, ṣùgbọ́n ọ̀kan kì í ṣe èkejì.

Bí ẹ ṣe máa wọn ìtóbi

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì kó má baà ṣèèṣì dáná. Ẹ ra gásíkẹ̀tì tuntun (ohun tí wọ́n tẹ́ sáàárín sílíńdà àti tọ́ọ̀pù rẹ̀) sílẹ̀ kí ẹ tó tú tọ́ọ̀pù sílíńdà, torí èyí tí ẹ bá yọ kì í sábà ṣeé lò padà.

Ẹ nu èédú inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn mílímítà, wọn ẹnu sílíńdà láti etí kan dé èkejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ní òkè pátápátá, níbi tí ríìǹgì ara písítìn kì í dé, irin kì í jẹ. Ẹ fi èékánná yín fà á láti ìsàlẹ̀ bọ̀ lókè: bí ẹ́ńjìnnì náà bá ti gbó, èékánná á kọ́ sí etí kan tó yọ. Òkè etí yẹn ni ìwọ̀n tó bá wáyé wà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ ti máa mọ bó ṣe jẹ tó. Ẹ wọ̀n ọ́n lóròó, ẹ wọ̀n ọ́n níbùú, nítorí ibì kan máa ń jẹ ju ibì kan lọ.

Ó ku ìrìn písítìn. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí písítìn á fi dé òkè tí kò ní lè gùn mọ́, kí ẹ fi ìrù kálípà wọn jíjìn rẹ̀ sí ẹnu sílíńdà. Ẹ tún yí i títí á fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Nínú ẹ́ńjìnnì ìyá mi, ẹnu sílíńdà jẹ́ 68 mm, ìrìn písítìn jẹ́ 45 mm.

Ẹ sọ mílímítà di sẹ̀ǹtímítà kí ẹ tó ṣírò:

6.8 ÷ 2 = 3.4
3.4 × 3.4 = 11.56
11.56 × 3.142 = 36.32
36.32 × 4.5 = 163.4

163 cc nìyẹn. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì Honda GX160 gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, GX200, ni wọ́n máa ń tà tẹ́lẹ̀ ní 6.5, èyí sì jẹ́ 196 cc. 68 mm náà ni ẹnu sílíńdà tirẹ̀, àmọ́ ìrìn písítìn rẹ̀ jẹ́ 54 mm. Ẹni tó bá wọn ẹnu nìkan kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ láéláé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó ní, "6.5 ṣáà ni mo sanwó fún." Mo ní, "Màámi, 6.5 náà ni wọ́n kọ. Kò sí nínú rẹ̀ ni."

Bí sílíńdà bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ fi iye wọn sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE inú Toyota Corolla jẹ́ 79 mm sí 91.5 mm, sílíńdà mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ óò rí 1794 cc, òun ni wọ́n ń pè ní 1.8.

Agbára ńkọ́?

Ìṣírò rẹ̀ kúrú. Ẹ mú ipá ìyí, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì ṣe le tó láti yí ohun tó wúwo, tí wọ́n ń kọ ní Nm sínú ìwé rẹ̀. Ẹ fi iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 9549 pín in: kìlówáàtì lẹ rí yẹn. Họ́ọ̀sìpáwà kan jẹ́ 746 wáàtì.

Àwọn àgbà onílọ̀ mọ ẹ́ńjìnnì Lister 6/1 dáadáa: sílíńdà ńlá kan ṣoṣo, 1433 cc, họ́ọ̀sìpáwà 6, tó ń yí ní ìgbà 650 péré ní ìṣẹ́jú kan. GX160 ń mú họ́ọ̀sìpáwà 4.8 jáde bó bá ń yí ní 3600. (5.5 ni wọ́n máa ń kọ sí i tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó yí ọ̀nà ìwọ̀n padà.) Lister fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o ní ìlọ́po mẹ́sàn-án, síbẹ̀ agbára wọn kò jìnnà síra. Ẹ sọ họ́ọ̀sìpáwà wọn di kìlówáàtì (6 × 0.746 = 4.476; 4.8 × 0.746 = bíi 3.6), kí ẹ wá yí ìṣírò náà padà láti rí ipá ìyí:

Lister: 4.476 × 9549 ÷ 650 = nǹkan bíi 66 Nm
GX160: 3.6 × 9549 ÷ 3600 = nǹkan bíi 9.5 Nm

Ìdí nìyí tí ẹ bá da èlùbọ́ púpọ̀ lé Lister, kò ní mì. Sáré ni kékeré fi ń wá agbára tirẹ̀. Bí ẹrù bá ti fà á sẹ́yìn, agbára náà lọ nìyẹn.

Jẹnẹrétọ̀ rọrùn láti dán wò nílé. Ẹ gbé e síta gbangba, torí èéfín rẹ̀ ń pani. Ẹ fi áyọ̀ọ̀nù àti irin tí a fi ń se omi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi fíríìjì sí i, títí ohùn rẹ̀ á fi fẹ́ wálẹ̀. Ẹ wo fóòtì àti áńpù tó gbé dúró kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ 220 àti 9, 1980 wáàtì nìyẹn. Iná kan ṣòfò lọ́nà; bí ẹ bá kà á sí pé ìdá 80 nínú 100 ló dé, 1980 ÷ 0.8 = 2475 wáàtì, bíi họ́ọ̀sìpáwà 3.3. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé kò tó ti ìwé: 3000 ni jẹnẹrétọ̀ wa ń yí kí iná lè jẹ́ 50 Hz, nígbà tó jẹ́ pé 3600 ni wọ́n fi wọn ti inú ìwé.

Ní ti ìyá mi, a ò rí owó gbà padà. A yọ púlì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, a fi èyí tó kéré sí i rọ́pò rẹ̀, kí ọlọ lè máa yí díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ipá tó pọ̀ sí i. Èlùbọ́ ń pẹ́ díẹ̀ kó tó kúnná báyìí, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í kú mọ́.