Bí A Ṣe Ń Se Gulyás, Ropa Vieja àti Rendang Nílé

Ẹran màlúù líle ni ẹ máa rà fún ọbẹ̀ mẹ́ta yìí, gulyás ti Húngárì, ropa vieja ti Kúbà àti rendang ti Indonésíà: ti ojúgun, ti èjìká, tàbí ti ìhà tó sún mọ́ ikùn. Bí alápatà bá fẹ́ fi ẹran itan tó mọ́, tí kò ní iṣan kankan, yẹ́ yín sí, ẹ dá a padà fún un. Okùn funfun tó so ẹran líle pọ̀ ló ń yọ́ bí a bá sè é pẹ́ lórí iná kékeré, òun ló sì ń mú kí omi ọbẹ̀ máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹran tí kò ní in á kàn gbẹ bí òwú ni, bó ti wù kí a sè é pẹ́ tó.

Ẹ má jẹ́ kí ìkòkò hó gidigidi. Bí omi bá ń ta díẹ̀díẹ̀ létí ìkòkò, ó tó. Iná tó pọ̀ jù máa ń fún omi inú ẹran jáde kí iṣan rẹ̀ tó yọ́. Màlúù tó ti fẹsẹ̀ rìn káàkiri igbó kí wọ́n tó pa á máa ń le ju èyí tó dúró sójú kan jẹun lọ, nítorí náà ẹ lè fi wákàtí kan kún àkókò tí a kọ síbí. Ẹ fi fọ́ọ̀kì gún un. Bó bá wọlé láìjà, ó ti jinná.

Ibi tí ọbẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yàtọ̀ síra ni omi. Omi gulyás gan-an ni ọbẹ̀. Ti ropa vieja, a ó yọ ẹran kúrò nínú rẹ̀, a ó sì bu díẹ̀ padà. Ti rendang gbọ́dọ̀ tán pátápátá. A kì í bọ ẹran lọ́tọ̀ kí a da omi rẹ̀ nù nínú èyíkéyìí, a kì í sì í fi mágì sí i: omi tó ń fà yóò sọ iyọ̀ inú rẹ̀ di púpọ̀.

Gulyás, ti Húngárì

Oúnjẹ àwọn darandaran ni. Darandaran náà ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ẹ wá ẹran ojúgun kílò 1, àlùbọ́sà ńlá 3, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òróró ṣíbí ìjẹun 3, paprika ṣíbí ìjẹun 3, áyù ọmọ 3, irúgbìn caraway ṣíbí tíì 1, tòmátì 1, tàtàṣé 1, kárọ́ọ̀tì 2 àti ọ̀dùnkún òyìnbó ìlàjì kílò. Paprika yìí jẹ́ ata pupa dídùn tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Ata gígún tiwa kò lè rọ́pò rẹ̀. Ṣíbí 3 rẹ̀ á sọ ọbẹ̀ di iná.

Ẹ gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́, kí ẹ fi iná kékeré dín in fún ìṣẹ́jú 15 títí á fi rọ̀. Kó má dúdú. Ẹ wá gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ tó da paprika sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ọbẹ̀ náà jẹ́. Ṣúgà wà nínú paprika. Bó bá pẹ́ díẹ̀ nínú ọ̀rá gbígbóná, á jó, á korò, kò sì sí ohun tí a lè bù sí i tí ìkorò náà á fi lọ. Ẹ rò ó, ẹ da ìlàjì ife omi lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ tó kó ẹran tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí i pẹ̀lú iyọ̀, áyù àti caraway.

Ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó fi omi ara rẹ̀ sè fún wákàtí kan àti ààbọ̀, kí ẹ máa bu omi díẹ̀ sí i bó bá fẹ́ gbẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni kárọ́ọ̀tì, tàtàṣé, tòmátì àti omi lítà kan àti ààbọ̀ kàn. Ọ̀dùnkún di ìṣẹ́jú 25 tó kẹ́yìn. A kì í fi ìyẹ̀fun mú un ki. Èyí tó bá ki, pörkölt ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Ropa vieja, ti Kúbà

Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí aṣọ gbígbó, nítorí pé ẹran náà máa ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí àkísà. Ẹran ìhà kílò 1 ni, kí ẹ gé e sọ́nà mẹ́ta péré. Ẹ fi omi bò ó mọ́lẹ̀, ẹ sọ àlùbọ́sà kan, ewé bay 2 àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó sè fún wákàtí 2. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ ní gbígbóná, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ fà á ya bí okùn rẹ̀ ṣe lọ, kó nípọn bí igi ìṣáná. Èyí tó bá tínrín jù á fọ́ sínú ata.

Ẹ fi òróró ólífì ṣíbí ìjẹun 4 dín àlùbọ́sà 1 àti tàtàṣé 2 fún ìṣẹ́jú 10, kí áyù ọmọ 5 àti kumin (irúgbìn olóòórùn kan) ṣíbí tíì 1 tẹ̀ lé e, kí tòmátì lílọ̀ ife 2 wá dé. Bí kíkan tòmátì bá ti lọ, ẹ da ẹran sí i pẹ̀lú omi rẹ̀ ife 2. Ìṣẹ́jú 25 sí i, omi á ki. Èso ólífì aláwọ̀ ewé 15, tí wọ́n fi omi iyọ̀ pa mọ́, ló kẹ́yìn. Òun ní iyọ̀ nínú, nítorí náà ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fi iyọ̀ kún un. Ìrẹsì funfun, ẹ̀wà dúdú àti dòdò ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Dòdò náà kò yàtọ̀ sí tiwa.

Rendang, ti àwọn Minangkabau

Ìwọ̀-oòrùn Sumatra ní Indonésíà ni ilé rẹ̀. Òun ló gba sùúrù jù, òun náà ló sì dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí a bá sè é dópin.

Ẹ gé ẹran èjìká kílò 1 ní sẹ̀ǹtímítà 5. Èyí tó kéré á ti fọ́ kó tó di wákàtí kẹta. Wàrà àgbọn lítà kan àti ààbọ̀ ni ẹ máa lò. Ẹ rin àgbọn gbígbó 3, kí ẹ fi omi gbígbóná fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ti inú agolo dára, ṣùgbọ́n ẹ má ra èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, torí ọ̀rá yẹn gan-an ni yóò dín ẹran nígbẹ̀yìn.

Ẹ lọ ata ṣọ̀ǹbọ̀ 10, àlùbọ́sà pupa ńlá 2, áyù ọmọ 6, atalẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 3, galangal sẹ̀ǹtímítà 5 àti atalẹ̀ pupa sẹ̀ǹtímítà 2 pọ̀. Galangal jọ atalẹ̀ lójú, òórùn wọn ló yàtọ̀, atalẹ̀ kò sì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ẹ wá a ní ilé ìtajà àwọn ará Éṣíà. Ẹ fi ọmọ odó lu ewé tíì igi 3, kí ẹ ká ewé ọsàn wẹ́wẹ́ 5 sí i. Èso kíkan kan tó ń jẹ́ asam kandis ni wọ́n fi ń kan án. Àjàgbọn díẹ̀ lè dípò rẹ̀.

Agbada tó fẹ̀ bí ti alákàrà ló dára jù, kí omi lè ráyè gbẹ. Ẹ má fi òróró sí i. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú wàrà àgbọn pẹ̀lú iyọ̀ ṣíbí tíì 1, kí ẹ máa rò ó títí á fi hó kí wàrà má baà dì, lẹ́yìn náà ẹ dín iná kù. Ẹ má dé e.

Ní bíi wákàtí kan, omi rẹ̀ ṣì ń ṣàn, gulai ni wọ́n ń pè é. Ní wákàtí kejì, á ki, òróró á bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó: kalio nìyẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń dúró sí, ó sì dùn, ṣùgbọ́n kò tíì di rendang. Ẹ tún dín iná kù, kí ẹ máa fi orógùn onígi ha ìdí agbada ní ìṣẹ́jú méjì méjì. Ohùn rẹ̀ á yí padà: híhó á dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ bó ṣe ń ta ṣáṣá bí ohun tó ń dín. Nígbà tí ata bá gbẹ mọ́ ẹran lára, tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí kọfí, ó parí. Wákàtí 3 sí 4 ló ń gbà.

Bí ẹran bá rọ̀ kí omi tó tán, ẹ kó o jáde, ẹ gbẹ ata náà lọ́tọ̀, kí ẹ tó dá a padà. Bí omi bá tán tí ẹran ṣì le, ẹ da ife omi gbígbóná kan sí i. Bí ìdí agbada bá jó, ẹ má ha á mọ́: ẹ yí i sínú agbada mìíràn, kí ẹ fi jíjó náà sílẹ̀.

Ó ń dùn sí i lọ́jọ́ kejì. Iná kékeré ni kí ẹ fi gbé e gbóná, láìbu omi sí i.